Ibà eégbọn kì í ràn látara èèyàn o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín in kiri pé Rocky Mountain spotted fever, ibà eégbọn Amẹ́ríkà yẹn, ń ràn látara èèyàn, pé tí ara ò bá tíì sú kéèyàn má dààmú lọ sọ́sibítù, ẹ ẹ̀ ṣe dáadáa o. Eégbọn ló ń kó o ranni tó bá buni jẹ, ìpínlẹ̀ North Carolina àti Tennessee ní Amẹ́ríkà gan-an sì wà lára ibi tó ti pọ̀ jù. Ibà àti orí fífọ́ burúkú ló ń ṣáájú, ó máa ń tó ọjọ́ 2 sí 4 kí ara tó sú lọ́rùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, lára àwa adúláwọ̀ ẹ lè má tètè rí i, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní sú rárá. Doxycycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ni dókítà ń fúnni, àtọmọdé àtàgbà, láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ wá ní kéèyàn jókòó máa retí ráàṣì!