Kọ̀ǹpútà ò tíì pa rìbá ní Kẹ́ńyà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n wa kan dá ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wo Kẹ́ńyà! Wọ́n ti kó gbogbo iṣẹ́ ìjọba sórí íntánẹ́ẹ̀tì, rìbá sì ti tán pátápátá níbẹ̀." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ta aṣọ ní Nairobi láti 2017 títí di 2023, mo dákẹ́, torí mi ò fẹ́ já àgbà níyì láàárín èrò. Ṣùgbọ́n mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún yìí nìkan, lẹ́nu àwọn tí ò dé Kẹ́ńyà rí, ó sì ti sú mi.

Ohun tí ojú mi rí ni màá kọ́kọ́ sọ. Mo fẹ́ gba ìwé àṣẹ kan fún ṣọ́ọ̀bù mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù lórí fóònù, mo fi M-Pesa, owó orí fóònù wọn, sanwó, rìsíìtì sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn dáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo gbéra, mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Fọ́ọ̀mù tí mo fi fóònù kọ, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, wọ́n ti kì í bọ fáìlì, wọ́n sì ti to fáìlì bíi mẹ́wàá lé e lórí. Mo rí orúkọ mi tó yọ létí rẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, ọkùnrin kan tẹ̀ lé mi dé kọ́rídọ̀, ó rọra bi mí bóyá mo ní owó chai. Tíì ni chai lédè wọn, òun náà ni wọ́n fi ń pe rìbá. Wọ́n tún máa ń pè é ní kitu kidogo, nǹkan kékeré. Mi ò fún un. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìwé mi fi wà níbẹ̀. Obìnrin tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà fún un ní tirẹ̀, ó sì gba ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n á ní ti ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí owó ńlá wà.

Ìjọba Kẹ́ńyà ní ètò kọ̀ǹpútà kan tí owó ìjọba ń gbà kọjá, IFMIS lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2014, ìjọba Uhuru Kenyatta pàṣẹ pé gbogbo ọjà tí ìjọba bá fẹ́ rà, orí ètò yẹn ni kó gbà. Ní 2015, ọ̀rọ̀ National Youth Service, àjọ ìjọba fún àwọn ọ̀dọ́, tú síta: mílíọ̀nù 791 ṣílè ti gba orí IFMIS náà gan-an lọ. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní ẹlòmíì ló lo páswọ́ọ̀dù òun. Nígbà tó fi máa di 2018, wọ́n tún kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí kóòtù lórí owó àjọ kan náà, ẹ̀sùn náà sì ni pé wọ́n sanwó ọjà tí ẹnikẹ́ni ò kó wá. Ẹ rò ó wò. Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́ o. Wọ́n ní kó sanwó, ó sì san án. Ẹni tó ní kó san án ló yẹ ká máa wò.

Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ máa ń ní ẹ̀rọ ò mọ ará, kò mọ ọ̀rẹ́, kò sì ń jẹ rìbá. Ẹni tó jókòó tì í ńkọ́?

Ẹ tún wo ti ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Mombasa sí Nairobi, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Fóònù ni mo fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ìjọba bá àwọn ará Ṣáínà ṣe lórí rẹ̀ ní 2014, ìjọba ò jẹ́ kí ará ìlú fojú kàn án. Bẹ́ẹ̀ òfin ńlá wọn ti 2010 sọ ní abala 35 pé ọmọ orílẹ̀-èdè lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba, òfin mìíràn ní 2016 sì fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ 21 láti fèsì. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní Mombasa bèèrè títí, kóòtù ni wọ́n bá ara wọn. Oṣù karùn-ún 2022 ni adájọ́ tó ní kí wọ́n kó ìwé náà sílẹ̀. Oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí ìjọba tuntun wọlé, ni mínísítà tó wá gbé apá kan rẹ̀ síta. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi pa á mọ́, nílùú tí a ti ń fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì!

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìdìbò, nítorí mo wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ní 2017, ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka ọwọ́ wò, tó sì ń fi èsì ránṣẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ tí wọ́n fẹ́ dìbò ni wọ́n rí òkú Chris Msando, ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìdìbò náà. Wọ́n ti dá a lóró kí wọ́n tó pa á. Lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wa pé lé e lórí, ṣùgbọ́n a ò rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti mú nọ́ńbà jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ilé ẹjọ́ ní kí àjọ ìdìbò IEBC jẹ́ kí wọ́n yẹ inú sáfà rẹ̀ wò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó èsì sí. Àjọ náà ò tẹ̀lé àṣẹ yẹn bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, Adájọ́ àgbà David Maraga àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù wọ́gi lé ìdìbò ààrẹ. Gbogbo ẹ̀rọ yẹn wà níbẹ̀, kò sì gbà wọ́n.

Ní 2022, ẹ̀rọ ṣì wà, àmọ́ nǹkan mìíràn ló yàtọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán lójú gbogbo èèyàn, bírò ni òṣìṣẹ́ fi ń kọ iye rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù 34A. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i, wọ́n á lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àjọ IEBC kó fọ́tò yẹn síta láti ibùdó tó lé ní 46,000, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí i. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ní àgbàlá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti ìwé ọmọ iléèwé. Ọ̀kan nínú wọn ti fi fóònù ya èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà iléèwé tó ti dìbò. Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, méjì yòókù ń wo ẹnu rẹ̀. Ó bára mu. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ṣí òmíràn. Nígbà tí mẹ́rin nínú kọmíṣánnà méje àjọ IEBC wá jáde pé ọwọ́ àwọn ò sí nínú èsì tí alága fẹ́ kà, jìnnìjìnnì bo gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ aráyé. Ilé ẹjọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fẹnu kò pé èsì dúró.

Mo gbà pé ìlà kúrú sí i láti ìgbà tí eCitizen, ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti dé ní 2014, mi ò sì lè búra pé kò sí ibi kankan tí ẹ̀rọ ti dín rìbá kù. Àmọ́ lọ́dún yẹn, máàkì 25 nínú 100 ni Transparency International, àjọ tó ń wo bí rìbá ṣe pọ̀ tó ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, fún Kẹ́ńyà; bí máàkì bá ṣe ga tó ni rìbá ṣe kéré tó. Ní 2024, ó jẹ́ 32. Ṣé èyí ni ẹ ń pè ní "tán pátápátá"?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mi ò sọ ọ́ lójú yín lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá tún máa fi Kẹ́ńyà ṣàpẹẹrẹ níbòmíì, ẹ fi ti owó orí fóònù sílẹ̀. Ẹ sọ ti ọmọkùnrin tó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.