Kì í ṣe Michael Jackson ló sọ Quincy Jones di ẹni ńlá

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, bí ẹgbẹ́ akọrin wa ti parí ìdánrawò tí mo sì ń da omi inú tìróńpẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀, ọmọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn kankan nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Michael Jackson ló sọ Quincy Jones di ẹni ńlá. Kí Michael tó dé, ta ló mọ̀ ọ́n?” Àwọn tó kù mirí, wọ́n ní òótọ́ ni. Láti ìgbà tí Quincy, olórin Amẹ́ríkà tó ṣe pródúsà àwo Thriller fún Michael, ti jáde láyé ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tọmọdé tàgbà, títí kan àwọn tó ń gba owó oṣù torí pé wọ́n mọ̀ nípa orin, ó sì ti sú mi. N óò kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè máa tọ́ka sí i dípò kí n máa fi ìdánrawò jiyàn.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1958 ni wọ́n bí Michael. Quincy, tí wọ́n bí ní Chicago ní 1933 tó sì dàgbà sí agbègbè Seattle, ti pé ọmọ ọdún 25 nígbà náà. Òun àti Ray Charles ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì kò tíì pé ogún ọdún. Ó ti bá ẹgbẹ́ jáàsì Lionel Hampton fọn fèrè dé Yúróòpù ní 1953, ó ti darí orin fún Dizzy Gillespie, onítìróńpẹ́ẹ̀tì jáàsì, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà rán ẹgbẹ́ náà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ní 1956, ó sì ti lọ sí Paris lọ kọ́ bí a ti ń kọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nadia Boulanger, ìyá tí ọ̀pọ̀ olórin ńláńlá àgbáyé jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí Michael tó jáde nínú ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní jáàsì nìyẹn, pé orin tí gbogbo ayé ń rà lọ́jà ni ọ̀rọ̀ àwọn dá lé. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá sí ọdún 1963.

Iléeṣẹ́ Mercury Records ni Quincy ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, gbèsè ló sì gbé e débẹ̀. Ẹgbẹ́ jáàsì ńlá kan tó kó lọ sí Yúróòpù ní 1959 tú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó jẹ gbèsè tó tó 145,000 dọ́là, Irving Green tó jẹ́ ọ̀gá Mercury sì yá a lówó, ó tún fún un níṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ni pé kó máa wá akọrin, kó máa yan orin fún wọn, kó sì máa gbé orin náà jáde, èyí tí í ṣe iṣẹ́ pródúsà gan-an. Ó gbọ́ ohùn ọmọ iléèwé kan láti New Jersey tó ń jẹ́ Lesley Gore, ọmọ ọdún 16, ó sì rí i pé ọmọ náà ń kọ orin sójú ohùn láìṣi ẹsẹ̀ gbé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n wọ sítúdíò ní New York, wọ́n gba “It's My Party” sílẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì lé orí ti àkọ́kọ́, kí ohùn ẹnì kan lè kún bí ohùn ẹni méjì. Ẹ fi ohun èlò ìgbetí sí etí yín, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ ó rí i níbi tí ohùn kejì ti ń yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.

Kò pẹ́ rárá tí Quincy fi pàdé Phil Spector, pródúsà bíi tirẹ̀, ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall, Spector sì sọ fún un pé òun náà ti gba orin yẹn gan-an sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ the Crystals. Ẹlòmíràn ì bá lọ sílé lọ sùn. Quincy ní tirẹ̀ lọ tẹ ọgọ́rùn-ún àwo kíákíá, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ rédíò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà sì ni ọmọbìnrin náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí rédíò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, orin náà ti gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, tó ń to orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1964, “You Don't Own Me” tí òun àti ọmọ yìí kan náà ṣe gun òkè dé ipò kejì, àwọn Beatles nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni Mercury fi í ṣe igbákejì ààrẹ iléeṣẹ́, ipò tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn aláwọ̀ dúdú kò tíì dé rí nínú iléeṣẹ́ orin ńlá tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀, ọdún náà ló sì gba ẹ̀bùn Grammy rẹ̀ àkọ́kọ́, fún orin tó tò, ìyẹn ni pé ó pín ohun tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan máa dún, fún ẹgbẹ́ jáàsì Count Basie. Nígbà tí “It's My Party” ń dún káàkiri Amẹ́ríkà, Michael Jackson kò tíì pé ọmọ ọdún 5.

Ọ̀rọ̀ nípa títo orin yìí ni n óò fi ara mi ṣe ẹlẹ́rìí sí. Àbúrò bàbá mi ní àwo kan tí Frank Sinatra kọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Count Basie ní òtẹ́ẹ̀lì Sands ní Las Vegas ní 1966. Quincy ló tò ó, òun ló sì darí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèrè, mo fẹ́ fi etí gba ohun tí àwọn onífèrè ń fọn nínú orin kan ṣoṣo lórí àwo náà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwa mẹ́rin tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé abẹ́rẹ́ sókè tí mo tún ń gbé e sílẹ̀ lórí ibì kan náà, títí àbúrò bàbá mi fi gba àwo rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi kí n má bàa há a. Ohùn òkè nìkan ni mo rí mú. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ fara pamọ́ sínú ara wọn, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, gbogbo rẹ̀ á ṣófo. Ẹni tó ti gbìyànjú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kò ní bèèrè ẹni tó mọ Quincy kí Michael tó dé.

Èyí tó yẹ kó dùn mọ́ àwa Yorùbá jù ni fíìmù Roots tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1977. Quincy wà lára àwọn tó ṣe orin rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Emmy fún un. Letta Mbulu, ọmọ South Africa, kọrin kan nínú àwo tó tẹ̀lé fíìmù náà, “Oluwa” sì ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà láti ọwọ́ ẹni tí ẹ ní ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Orí fíìmù The Wiz, tó jáde ní 1978, ni òun àti Michael ti wá ṣiṣẹ́ pọ̀. Michael ní kó bá òun wá pródúsà, Quincy sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ Epic tó ń gbé àwo Michael jáde kọ̀, wọ́n ní jáàsì ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò: mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù ni ẹ̀rù fi ń bà wọ́n. Michael ló takú, Off the Wall, àwo àkọ́kọ́ tí Quincy ṣe pródúsà fún un, sì jáde ní 1979.

Wọ́n á tún ní Michael ló kọ “Billie Jean” fúnra rẹ̀, àti pé Quincy fẹ́ gé ìbẹ̀rẹ̀ orin náà kúrú. Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n Rod Temperton tí Quincy mú wá ló kọ “Rock with You” àti “Thriller”, Quincy náà ló sì fi fóònù pe Eddie Van Halen wá ta gìtá nínú “Beat It”. Mo gbà pé owó tí Thriller pa kò lẹ́gbẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1982 má gbọ́ orúkọ Quincy láìsí àwo náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù wa kí n tó ti àpótí fèrè mi nìyí. Ní 1974, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ Quincy. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọn kò sì rò pé yóò yè é, débi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣètò àṣálẹ́ ìrántí òkú sílẹ̀ fún un ní Shrine Auditorium ní Los Angeles. Òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń kọrin arò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn dókítà ti ní kó má fọn tìróńpẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọmọ ọdún 15 lásán ni Michael, kò sì tíì pàdé rẹ̀ lórí fíìmù kankan.