Àwọn Abiyamọ Tó Ń Fi Ìlédìí Gba Ayé Là

Ọmọ kì í dá wá sáyé mọ́ ní Èkó òde òní. Òwò ló máa ń fà lọ́wọ́ wá. Kí ìwọ́ rẹ̀ tó já ni ìyá rẹ̀ yóò ti ya àmì ilé-iṣẹ́ tuntun, yóò sì rí i dájú pé ewé tútù kan wà lára rẹ̀, nítorí a ti gbà láàárín ara wa pé ọjà tí kò bá ní ewé lára kò lè dáàbò bo àyíká. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn àgbà ṣì ń fi oyin àti iyọ̀ súre fún ọmọ, ilé-iṣẹ́ náà ti lórúkọ ṣáájú rẹ̀, ó ti ní ojú-ewé lórí Instagram, ó sì ti ní gbólóhùn ìpolówó tirẹ̀: “Ohun rere fún ọmọ, ohun rere fún ayé.”

Ẹ jẹ́ kí a pe irú abiyamọ bẹ́ẹ̀ ní Ìyá Aláyìíká, nítorí wọ́n ti pọ̀ ju ẹni tí a lè máa dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Inú pálọ̀ ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àga tí àlejò ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ ti di ibùjókòó àwọn páálí, tábìlì ìjẹun ti di ibi tí a ti ń lẹ bébà mọ́ ìgò, bàbá ọmọ, tí wọ́n kọ “Olùdarí Àgbà” síwájú orúkọ rẹ̀, ló ń ru ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, ó sì tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò yin gbogbo àwòrán tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé jáde.

Òrí ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin Òkè-Ògùn ló ṣa èso rẹ̀ nínú igbó, tí wọ́n fọ́ ọ, tí wọ́n yan án, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fi ọwọ́ po ó títí ọ̀rá rẹ̀ fi léfòó. Ṣùgbọ́n gbogbo wàhálà yẹn kò tíì sọ ọ́ di ọjà tó bójú mu. Ìyá Aláyìíká ni yóò yọ́ ọ, tí yóò jẹ́ kí ó tún dì díẹ̀ nínú fíríìjì, tí yóò wá fi ẹ̀rọ tí a fi ń po kéèkì lù ú títí yóò fi funfun tí yóò sì wú. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òrí ni apá kan ohun tó wà nínú ìgò, afẹ́fẹ́ ni ìyókù, oníbàárà sì ń san iye kan náà lórí àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín kan, jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé yóò gbohùn sókè, èéfín rẹ̀ yóò sì máa wọlé wá kí òrí tí a pè ní aláìlábàwọ́n. Òfin ní kí ohun ìpara gba nọ́ńbà NAFDAC kí a tó tà á; lára ìgò yìí, ibi tó yẹ kí nọ́ńbà wà gan-an ni wọ́n kọ “Ìfẹ́ ìyá ni a fi pò ó” sí.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti wẹ ọmọ, ó sì mú òrí tirẹ̀ wá nínú agolo Bournvita àtijọ́ kan, agolo tó ti gba àdín, ẹ̀gúsí àti bọ́tìnì aṣọ sínú rí.

“Màámi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká lo tèmi. Ti inú agolo yẹn ò bójú mu fún awọ ara ọmọ.”

“Kò burú, ìyàwó mi. Níbo lo ti ra tìrẹ?”

“Ṣakí ni, mà.”

“Ṣakí lèmi náà ti ń bọ̀.”

Wọ́n gbé agolo náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí kò bá àwọ̀ ògiri mu nínú àwòrán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni ibi ìdìpọ̀ ọjà. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, tí wọ́n sì tún mú àwọn ike àlòdànù mìíràn mọ́ ọn ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, Ìyá Aláyìíká kọ ìwé ìdúpẹ́ gígùn sí ojú-ewé rẹ̀. Àwọn strọ́ọ̀, ife, ṣíbí àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni òfin náà ń lé kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀rá olójú-afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bubble wrap, ń gbé pálọ̀ rẹ̀ láìfòyà. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgò àti òkúta, nítorí náà ó ní láti fi ọ̀rá yìí wé ìgò kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́, kí ó tì í sínú páálí, kí ó sì fi ọ̀já ìko dè é lókè kí ojú lè rí ohun àdánidá. Lára páálí náà ni a ti ń kà á pé: “A kò lo ike.”

Lẹ́yìn òrí ni ìlédìí ọparun máa ń dé. Ọparun ń hù káàkiri ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ti Ṣáínà ló ń wọ ilé Ìyá Aláyìíká, inú ọkọ̀ òfurufú ló sì sábà máa ń bá wá nígbà tí àwọn oníbàárà kò bá lè ní sùúrù. A kì í sì í wun ọparun bí ìko. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń yọ́ igi rẹ̀ títí yóò fi di omi kíki, kí wọ́n tó tún fà á jáde bí òwú tí wọ́n ń pè ní rayon. Nítorí èyí ni àjọ Federal Trade Commission, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ṣe ń bá àwọn tó ń pe aṣọ rayon ní ọparun lásán fà á láti ọdún 2009, tí àwọn ilé ìtajà ńlá Walmart àti Kohl's sì gbà ní ọdún 2022 láti san mílíọ̀nù 5.5 dọ́là lápapọ̀ lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún Ìyá Aláyìíká, òun náà kò sì béèrè.

Ní ọdún 2008, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde tó fi ìlédìí aláṣọ wé pámpásì fún ọdún méjì àtààbọ̀ tí ọmọ kan fi ń lò wọ́n. Pámpásì ń fa nǹkan bí kílógíráàmù 550 afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, ìlédìí aláṣọ ń fa nǹkan bí 570. Ọwọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ni ìyàtọ̀ wà: bí ó bá jẹ́ kí aṣọ kún ẹ̀rọ kí ó tó fọ̀ ọ́, bí ó bá sá a sórí okùn, tí àbúrò ọmọ náà sì tún lo ìlédìí kan náà, nǹkan bí kílógíráàmù 200 ni yóò dín kù. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kò nílò kí Òyìnbó ka èyí sí òun létí. Okùn wà ní ẹ̀yìnkùlé, ìlédìí àkọ́bí ni àbíkẹ́yìn lò, nígbà tó sì gbó tán, a fi ń nu gíláàsì fìtílà. Àléébù kan ṣoṣo tí ètò yẹn ní ni pé kò sí èrè nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìlédìí tó bá kọjá lára ọmọ márùn-ún ti pa oníṣòwò mẹ́rin lẹ́kún, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Aláyìíká ṣe ń mú àwọ̀ tuntun jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí ó sì ń kìlọ̀ fún wa pé àwọ̀ ti oṣù tó kọjá kò yẹ ọmọ mọ́.

Ọmọ tirẹ̀ ńkọ́? Pámpásì ló fi ń sùn. Omi kì í yọ lẹ́nu ẹ̀rọ lóru, kò sì sí ẹni tí yóò jí ní aago mẹ́ta fọ ìgbẹ́ kúrò lára ọparun olówó iyebíye. Ojú àwòrán nìkan ni ọmọ náà ti ń wọ ọjà ìyá rẹ̀.

N kò bá wọn wí pé wọ́n ń wá owó. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin láti fi simi lórí ìbímọ, ó sì fàyè gba agbanisíṣẹ́ láti san ìdajì owó oṣù péré. Ẹni tó bá gbé ìdajì owó oṣù lọ́wọ́ kan tí ó gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́ kejì gbọ́dọ̀ ta nǹkan. Kí wọ́n tà á ní ọjà ni mo ń sọ, kí wọ́n yé tà á ní ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ ayé.

Nígbà tí gbogbo ọ̀rẹ́ àti ìbátan bá ti ra ìgò kọ̀ọ̀kan, tí ọjà náà kò bá sì tà mọ́, Ìyá Aláyìíká yóò gbé ọjà tó ń mówó wọlé jù lọ jáde: kíláàsì orí Zoom, ₦25,000 fún ẹni kan, níbi tí yóò ti kọ́ àwọn abiyamọ mìíràn bí wọn yóò ṣe dá irú ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nínú pálọ̀ tiwọn, kí wọ́n lè máa po òrí tà fún ara wọn. Ìwé-ẹ̀rí yóò wà fún gbogbo wọn, a ó sì fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà bà á jẹ́.