Ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ló ni ẹ̀sùn

Wọ́n ti lẹ orúkọ ọmọ náà mọ́ pátákó. Òwúrọ̀ yìí ni ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ sínú gúrúùpù WhatsApp kíláàbù gọ́ọ̀fù wa: caddie báyìí-báyìí (caddie ni ẹni tó ń gbé báàgì igi gọ́ọ̀fù fún ẹni tó ń gbá), wọn ò gbọdọ̀ rí i lórí pápá fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀sùn rẹ̀ ni màgòmágó nígbà ìdíje. Kí n tó kà á tán, àwọn èèyàn ti ń fi àmì àtẹ́wọ́ sí i. Alàgbà kan tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣù mẹ́ta kéré, kí wọ́n lé e dànù pátápátá, kí àwọn tó kù lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Inú bí mi débi pé mo gbé fóònù kalẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí mi ò ní lè kó jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi. Mo wà lára àwọn mẹ́rin tó jọ gbá lọ́jọ́ náà, èmi gan-an ni mo sì ń kọ àmì ọ̀gá tí ọmọ yẹn gbé báàgì fún. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

Mi ò ní dárúkọ kíláàbù, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ti mọ̀.

Ìdíje ọjọ́ Sátidé ni, irú èyí tí wọ́n máa ń kó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ fún ẹ̀bùn. Ọ̀gá tí mò ń wí yìí ti ń gbá a bọ̀ dáadáa láti àárọ̀, àmì rẹ̀ dára, ó sì ti ń ṣírò rẹ̀ láàárín ihò sí ihò. A dé par 5 kan, ihò tí wọ́n retí pé kí èèyàn fi ìgbá márùn-ún parí, tí igbó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igbó gidi ni, kì í ṣe koríko tó ga lásán. Ọ̀yà máa ń sá jáde níbẹ̀. Ó fa driver yọ, igi tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà jù, ó fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù náà. Ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó wọ àárín àwọn igi tíìkì, gbogbo wa la sì gbọ́ bó ṣe ń ró lára ẹ̀ka. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú gbá òmíràn sílẹ̀ o." Òfin gbà á láyè kó gbá bọ́ọ̀lù kejì sílẹ̀, kó má baà rìn padà bí wọn ò bá rí àkọ́kọ́. Ó ní rárá, àwọn á rí i.

Ó wá wo caddie rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó na ọwọ́ náà sí ọmọ ọ̀hún, ọmọ náà gba ohun tó wà níbẹ̀, ó sì sáré wọ inú igbó. Mo rí ọwọ́, mi ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo tún máa padà síbẹ̀.

Látìgbà tí wọ́n ti tún òfin ṣe ní 2019, ìṣẹ́jú 3 péré lèèyàn ní láti fi wá bọ́ọ̀lù. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ni. Ìṣẹ́jú 3 yẹn ti fẹ́ pé nígbà tí ọmọ náà kígbe pé, "Ọ̀gá, mo ti rí i!" A lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù jókòó sórí koríko pẹlẹbẹ létí igbó, ó mọ́ tónítóní, ọ̀nà sì là gbọrọ níwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa gbọ́ tó ń lu igi! Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nọ́ńbà 1 ló wà lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ọ̀gá náà fi hàn wá lórí tee, ibi tí a ti ń gbá ìgbá àkọ́kọ́, nọ́ńbà 3 ni, ó sì ti fi báírò pupa fa ìlà sí i lára. Kò sí ìlà kankan lára èyí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù yín kọ́ nìyí."

Àfi gbàmù! Ó ti fọ́ ọmọ náà létí. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ta ló ní kí o ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbí? Olè! O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lójú àwọn èèyàn!" Ọmọ náà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Kò jiyàn. Kò wo ojú mi. Ohun tó sọ kò ju, "Ẹ má bínú, sà," lọ. Àwa tó kù dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ọmọ tí ò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ, tó ti jókòó láti ìdájí ó ń retí kí olórí àwọn caddie pe nọ́ńbà rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bọ́ọ̀lù nínú àpò ṣe? Fíríìjì yẹn, ṣé ilé rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ?

Nígbà tá a gbá a tán, mo kọ̀, mi ò fọwọ́ sí káàdì tí mo kọ àmì ọ̀gá náà sí. Wọ́n pe ìgbìmọ̀. Mo sọ ohun tí mo rí, látorí ọwọ́ tó wọ àpò dórí ìlà pupa tí kò sí lára bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé ẹ rí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀gá?" Mo ní mi ò rí bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ni mo rí. Ibẹ̀ ni wọ́n dì mú. Wọ́n ní àìgbọ́ra-ẹni-yé ni, wọ́n rọra yọ káàdì rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó ń díje, ó parí síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn, orí tábìlì àwọn èèyàn ńlá ni ọ̀gá náà jókòó sí. Ó jẹun, ó mu, wọ́n kí i. Ọmọ tó gbé báàgì rẹ̀ ló lọ sórí pátákó.

Ẹ wá ṣí ìwé òfin gọ́ọ̀fù, èyí tí R&A àti USGA, àwọn àjọ tó ń darí gọ́ọ̀fù lágbàáyé, jọ ń gbé jáde, kí ẹ wo Òfin 10.3. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: ohun tí caddie bá ṣe, ọrùn ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló wà. Bí caddie bá rú òfin, ẹni tó ń gbá ni ìyà tọ́ sí. Kò sí "ọmọ yẹn ló dá a ṣe" nínú gọ́ọ̀fù.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé orí ìwé nìkan ni ìyẹn wà, kó rántí Ian Woosnam, ọmọ Wales tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ní 2001. Ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní The Open ni, ní pápá Royal Lytham ní England, Woosnam sì wà lókè pẹ̀lú àwọn tó ń ṣíwájú. Ihò àkọ́kọ́ jẹ́ par 3; díẹ̀ ló kù kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó sínú ihò láti orí tee, ó fi ìgbá méjì parí rẹ̀ (nínú gọ́ọ̀fù, bí ìgbá bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó). Ó dé tee ihò kejì, caddie rẹ̀ wá ń jẹ́wọ́ fún un pé driver méjì ló wà nínú báàgì. Igi gọ́ọ̀fù 15 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 14 ni òfin gbà. Caddie ló gbàgbé igi yẹn síbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ta ni wọ́n fi ìgbá méjì kún tirẹ̀? Woosnam ni. Inú bí i, ó ju igi náà sọnù sínú koríko, àmọ́ ó gba ìyà rẹ̀, ó gbá a dópin, òun àti àwọn mìíràn sì jọ pín ipò kẹta. Kò sí ìgbìmọ̀ tó ní kí wọ́n kọ ìgbá méjì yẹn sọ́rùn caddie.

Ká tiẹ̀ fi caddie sílẹ̀. Eré wo ló tún wà láyé tí kò ní rẹfirí tó ń sáré tẹ̀ lé èèyàn kiri, tó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo máa fẹjọ́ ara rẹ sùn? Bobby Jones, ará Amẹ́ríkà, ṣe é ní ìdíje US Open ọdún 1925. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ mì díẹ̀ nígbà tó fẹ́ gbá a, òun nìkan ló rí i, ó sì ní kí wọ́n fi ìgbá kan kún tòun. Ká ní kò sọ ọ́ ni, òun ni ì bá gba ife ọdún yẹn. Ṣe ló di pé kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ tún gbá a, ibẹ̀ ló sì ti fìdí rẹmi. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn eré yìí nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń rò pé torí koríko tútù àti ká lè mọ àwọn olówó la ṣe ń lọ. Kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Caddie ló kọ́ mi ní gọ́ọ̀fù, kì í ṣe olùkọ́ gọ́ọ̀fù kankan. Orí bíráùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò, torí pápá tí a ní nígbà yẹn kò lágbára àtitọ́jú gíríìnì, koríko rírẹ́ tó máa ń yí ihò ká. Ọkùnrin tó ń gbé báàgì mi á fi igi pẹlẹbẹ rẹ́ ojú iyanrìn náà, á kúnlẹ̀, á fojú wọn ọ̀nà, á ní, "Ẹ fi í sí ọwọ́ òsì díẹ̀, sà, á padà wá fúnra rẹ̀." Á sì padà wá. Òun ló kọ́ mi pé kí n fi driver sílẹ̀ nínú báàgì nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ sójú. Òun ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń jáde nínú bunker, kòtò oníyanrìn, láìfi ìbínú gbá iyanrìn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú eré yìí, àtọwọ́ ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó jókòó síbi tá a ti ń jẹun ló ti wá.

Ẹ sì bi àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà léèrè ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, ìdí báàgì ẹlòmíràn ni. Lee Elder, ará Amẹ́ríkà tó wá síbí ní 1971, tó gba ife Nigerian Open lọ, òun náà gbé báàgì nígbà tó wà lọ́mọdé ní Texas. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn, òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó máa díje ní Masters, ìdíje ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Mo máa ń ronú nípa ìyẹn tí mo bá rí àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́ tí kíláàbù máa ń fún wọn láyè láti gbá tiwọn, igi àlòkù lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń gbá a ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Èyí tí wọ́n lẹ mọ́ pátákó yìí wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Oṣù mẹ́ta láìtẹ pápá, kì í ṣe owó oúnjẹ nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbọ́ èyí tí àwọn kan ń sọ, pé àwọn caddie fúnra wọn máa ń fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù torí owó tí ọ̀gá máa fún wọn tó bá borí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ta ló kọ́ wọn? Ta ló ń rí bọ́ọ̀lù tó kúrò nínú kòtò wá sórí koríko tó dára, tó ń dákẹ́, tó sì ń fi náírà kún owó iṣẹ́ wọn nírọ̀lẹ́?

Torí náà, mo jókòó lónìí, mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀. Mo fi Òfin 10.3 sí i. Mo ní kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ náà kúrò lórí pátákó, kí wọ́n pe ẹni tó ni bọ́ọ̀lù. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo ní kí n kọ́kọ́ pe ọmọ náà.

Ó dúpẹ́. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ránṣẹ́." Ó ní oṣù mẹ́ta kì í pẹ́ parí. Ó ní tí lẹ́tà yẹn bá débẹ̀, kò sí ọ̀gá tó tún máa fẹ́ kí òun gbé báàgì fún un, wọ́n á ní òun ni ọmọ tó ń tú àṣírí. Mo ní, "Ìwọ náà sọ fún mi, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Ó dákẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé ọ̀gá náà ti fi owó ránṣẹ́ sí òun lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, owó tó ju ohun tí òun máa rí lóṣù mẹ́ta lọ, pé òun ti fi san owó ilé ìwé àbúrò òun.

Látìgbà yẹn ni orí mi ò ti dúró lójú kan. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ mí pé kí n fi orí òun sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí mo bá fi lẹ́tà ránṣẹ́, èmi á gba ọ̀rọ̀ mi là, òun ló máa pàdánù iṣẹ́. Tí mi ò bá fi ránṣẹ́, ọ̀gá ti rí ẹni tí òun lè fowó gbé ẹ̀bi òun lé lórí nìyẹn, ọ̀la á tún rí òmíràn. Ká ní ẹnì kan bi mí láàárọ̀ yìí ni, ǹ bá ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn.

Lẹ́tà ṣì wà nínú fóònù mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé báàgì rí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná.