Tírélà wo ló ṣubú níwájú?

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. À ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ọkọ̀ wa ń rá bí ìgbín kí a tó dé Ìbafò. Bàbá tó jókòó síwájú bá bẹ̀rẹ̀: "Tírélà ti ṣubú níwájú. Àbí ọlọ́pàá ni. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Gbogbo èrò ní òótọ́ ni. Nígbà tó yá, ọ̀nà là gbàrà. Kò sí tírélà, kò sí ọlọ́pàá, a ò tiẹ̀ rí táyà tó bẹ́. Ṣé Bàbá wá gbà? "Wọ́n ti wọ́ ọ kúrò ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Lọ́dún 2008, Yuki Sugiyama àtàwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé àbájáde ohun tí wọ́n dán wò jáde. Wọ́n la ọ̀nà roboto kan, mítà 230 ni yípo rẹ̀, wọ́n kó ọkọ̀ 22 sí i. Kò sí kòtò níbẹ̀, kò sí oríta, kò sí ẹni tó ń já wọlé. Wọ́n kàn ní kí kálukú máa sá ní nǹkan bíi kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan, kó má sì sún mọ́ ẹni iwájú jù. Ó kọ́kọ́ ń lọ geere. Kò pẹ́, ọkọ̀ há. Àwọn mìíràn dúró pátápátá, láìsí ẹni tó ṣẹ ẹnì kankan.

Báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀: ẹnì kan fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀. Kí ẹni ẹ̀yìn tó fura, ó ti sún mọ́ ọn jù, ló bá tẹ tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta tún tẹ̀ ẹ́ le sí i. Nígbà tó fi máa kan ẹni ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti dúró. Ẹni àkọ́kọ́ ti bá tiẹ̀ lọ, kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Gósílò yẹn á wá máa rìn sẹ́yìn bí ìgbì omi, ní nǹkan bíi kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ ń lọ síwájú. Kí ẹ tó dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí lẹ fẹ́ bá níbẹ̀?

Ẹ má sọ fún mi pé awakọ̀ tiwa ló ya wèrè. Àwọn tó ń rọra wakọ̀ lójú ọ̀nà tó dán ló há yẹn o.

Èmi náà wa dánfó rí. Tí mo bá fàyè sílẹ̀ níwájú kí n má baà máa tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà, kọ̀ndọ́ mi á máa lu ara ọkọ̀ gbàgbàgbà: "Ọ̀gá, ẹ dí i! Wọ́n ń wọlé!" Ní Tucson, l'Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti tún irú ìdánwò ti Japan yẹn ṣe, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ń fàyè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọkọ̀ bí ogún, ló mú kí ìgbì náà rọlẹ̀.

Ó dáa, tírélà máa ń ṣubú nígbà mìíràn. Mo gbà.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Bàbá kí a tó dé Berger. Ó wojú mi: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo ni tírélà náà ni?"