Kámẹ́rà ló ń jẹ dátà, àwa ni wọ́n ń pè lólè

Ó ti sú mi! Láti ìgbà tí wọ́n ti kan kámẹ́rà mẹ́jọ mọ́ ilé ìkẹ́rù wa ní Kàbà yìí, a ò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò mọ́. Dátà oṣù kan kì í pé ọjọ́ mẹ́rin. Bó bá ti tán, ọ̀gá á pè láti Àbújá: "Ta ló ń wo fíìmù níbẹ̀?" Fíìmù wo? Nígbà kajú, tí àwọn àgbẹ̀ ń já ẹrù láti Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́jú, ta ló ráyè fíìmù?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ tó ń lọ Èkó ti kún dẹ́nu láti aago méje. Ìwé ẹrù ló kù kí n fi ránṣẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú. Nǹkan roboto yẹn ń yí, ó ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Awakọ̀ jókòó sórí àpò, ó ń rin orín, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo di íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá kí ìwé tó lọ.

Mo bá lọ wo ètò kámẹ́rà náà fúnra mi. Gbogbo wọn wà lórí 4 Mbps (bí dátà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tì jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe pọ̀ tó nìyẹn), àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, H.264 (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kó lè kéré), cloud, ìyẹn ibi ìkó-nǹkan-sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n sì ń kó o lọ tọ̀sán-tòru. Ẹ bá mi ṣírò. Ẹyọ kan péré á fẹ́ bíi 43 GB láàárín wákàtí 24. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, 32 Mbps ni wọ́n fẹ́ máa tì jáde, ráútà wa kì í sì í tì ju 6 lọ. Ibo ni ìwé ẹrù fẹ́ gbà kọjá?

Kámẹ́rà kẹfà ló bí mi nínú jù. Géètì ẹ̀yìnkùlé tí wẹ́dà ti jó pa lọ́dún tó kọjá ló kọjú sí. Alángbá kan, ewé máńgòrò tó ń mì, kò sí nǹkan mìíràn. Òun là ń rán sókè òkun láti alẹ́ mọ́jú!

Àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀ wà nínú yàrá ọ̀gá níbí o, pẹ̀lú háàdì-dísìkì 4 TB, òfìfo. Wáyà ló so ó mọ́ kámẹ́rà, ohun tó bá gba inú wáyà kò sì kan dátà rárá. Kí wọ́n yí i sí H.265, tó ń fún fídíò pọ̀ ju H.264 lọ, ẹrù rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, dísìkì yẹn á sì gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwòrán 10 ní ìṣẹ́jú àáyá ti tó láti dá ẹni tó gbé àpò kajú mọ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ wò ó lórí fóònù, kó lo sub-stream, ìyẹn fídíò kékeré tí kámẹ́rà kan náà ń gbé jáde, 0.5 Mbps péré.

Mo sọ fún ẹni tó wá ṣe é. Ó ní, "Bọ̀dá, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é nìyẹn." Mo sọ fún ọ̀gá, ó ní mo fẹ́ fọ́ kámẹ́rà lójú kí n lè rí jí. Èmi! Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ka àpò níbẹ̀, ẹyọ kan ò dín rí.

Lánàá, wọ́n yọ owó dátà nínú owó oṣù wa. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀, tí fóònù rẹ̀ ò tiẹ̀ mú íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ tiẹ̀ náà. Kí wọ́n dá owó ọmọ yẹn padà fún un.