Ilà ojú táyà kọ́ ló ń di títì mú

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ilà ojú táyà ló ń di títì mú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe gbilẹ̀ tó, ẹ lọ dúró ti ẹni tó ń ra táyà, ìbáà jẹ́ ní Ládípọ̀ ní Mushin, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham ní London. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kí ó ki ọmọ ìka bọ inú ilà ojú táyà. Bí ilà náà bá jin, inú rẹ̀ á dùn: "Èyí á di títì mú dáadáa." Bí kò bá jin, á yọ ṣùtì sí i. Àwọn tó ní ọkọ̀ asáré gan-an, àwọn oní-Porsche, oní-Corvette àti oní-Mazda MX-5, ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n ń bá kiri. Wọ́n á ní mọ́tò àwọn kì í jáde ju ọjọ́ Sátidé lọ, ilà táyà rẹ̀ ṣì wà digbí, kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ kí àwọn pààrọ̀?

Irọ́ gbáà ni. Rọ́bà ló ń di títì mú, kì í ṣe ilà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ilà kò fi nǹkan kan kún ìdìmú. Ṣe ló tiẹ̀ ń dín rọ́bà tó yẹ kó kan ilẹ̀ kù. Omi ni wọ́n torí ẹ̀ fín in. Òjò bá rọ̀, ilà á gba omi, á tì í jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí rọ́bà lè ráyè kan títì. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wo Formula 1. Lọ́dún 1998, FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje mọ́tò lágbàáyé, fẹ́ dín eré tí àwọn ọkọ̀ náà fi ń ya kọ́nà kù. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n fín ilà sójú táyà tí kò ní ilà kankan tẹ́lẹ̀: mẹ́ta sí ti iwájú, mẹ́rin sí ti ẹ̀yìn. Ọdún kejì, wọ́n sọ ti iwájú náà di mẹ́rin. Torí kí ìdìmú lè dín kù ni wọ́n ṣe fín in o! Ọdún 2009 ni wọ́n tó dá táyà tó tẹ́jú padà. Bó bá jẹ́ pé ilà ló ń di ilẹ̀ mú, a jẹ́ pé àwọn ẹnjiníà tó gbọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí ti ya wèrè fún odidi ọdún mọ́kànlá.

Báwo wá ni rọ́bà ṣe ń ṣe é? Ẹ tẹjú mọ́ títì tí wọ́n da ọ̀dà sí. Kò tẹ́jú bó ṣe rí lókèèrè. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, orí wọn yọ ṣọnṣọ. Bí mọ́tò bá gun ibẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á tẹ rọ́bà wọ àárín àwọn òkúta náà, rọ́bà á gbà wọ́n mọ́ra, á rọ̀ mọ́ wọn lára fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín, lẹ́yìn náà á padà sí bó ṣe wà. Ìrọ̀mọ́ yẹn ni ìdìmú. Ibi tí táyà kan fi ń kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò fẹ́ẹ́ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sì ni gbogbo ẹ̀mí tó wà nínú ọkọ̀ wà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí á máa bi táyà ni pé: ṣé rọ́bà rẹ ṣì lè rọ̀?

Mi ò ní kí ẹ máa gun táyà tó ti fá o. Lórí omi, táyà tí kò ní ilà, pósí ni. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilà kò gbọdọ̀ dín ní mílímítà 1.6 láàárín ojú táyà, ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú rẹ̀, yíká gbogbo rẹ̀. Nínú ilà fúnra rẹ̀, ẹ ó rí kókó rọ́bà kéékèèké tó dábùú. Bí ojú táyà bá ti jẹ débi tó fi bá kókó yẹn dọ́gba, ó ti dé 1.6 nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe táyà gan-an kò fẹnu kò lórí ìgbà tó yẹ kí á pààrọ̀. Continental ní kí á pààrọ̀ táyà ìgbà ooru, èyí tí wọ́n ṣe fún ojú ọjọ́ tó móoru, bó bá ti ku mílímítà 3. Michelin ní rárá, kí á lò ó dé ibi tí òfin sọ, pé owó ni à ń dà nù bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ti ọkọ̀ asáré, ẹ̀yìn Continental ni mo wà. Táyà rẹ̀ fẹ̀, èyí tó fẹ̀ sì yára ń léfòó lórí omi ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó ti wakọ̀ gba inú adágún òjò kọjá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn rí, tí sítíárì ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sórí rọ́bà. Bí wọ́n ṣe po rọ́bà táyà ìgbà ooru, inú ooru ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí. Àwọn kan rò pé kò mọ òjò. Ó mọ̀ ọ́n o. Lórí títì tó móoru tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, òun ló ń tètè dúró jù. Òtútù ni kò mọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń lọ sí nǹkan bí 7°C sísàlẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gan bí ẹ̀bà àná, kò ní lè rọ̀ wọ àárín òkúta mọ́. Ní Jámánì, òfin ti wà láti 2010 pé ẹni tó bá wakọ̀ lórí yìnyín tàbí ilẹ̀ dídì gbọdọ̀ lo táyà ìgbà òtútù, àwọn ará ibẹ̀ sì ti sọ ọ́ di àṣà pé láti Oṣù Kẹwàá títí di Àjíǹde ni wọ́n ń lò ó. Britain kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣọṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé kan nínú Oṣù Kejì, oòrùn yọ, títì gbẹ, ilà jin. Oní-mọ́tò á ní kí ló tún kù? Á tẹ tọ́tù bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nínú Oṣù Keje, ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì fẹ́ ṣáájú iwájú. Táyà Michelin Pilot Sport Cup 2, tí wọ́n ń dè mọ́ Porsche GT3, àwọn tó ṣe é kìlọ̀ pé kí á má gbé e jáde bí ojú ọjọ́ bá sún mọ́ ìwọ̀n tí omi fi ń dì. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, bó bá ti dì nínú gáráàjì, bí ẹ bá kàn ti ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó lè sán.

Nàìjíríà ni òdìkejì ọ̀rọ̀ náà wà. Àlòkù táyà wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀, síbẹ̀ tòkunbọ̀ kún ọjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ táyà ìgbà òtútù tí àwọn òyìnbó bọ́ sílẹ̀. Ẹ ó dá a mọ̀: àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ìràwọ̀ yìnyín wà láàárín rẹ̀ wà lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rẹ́ ojú rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí ilà rẹ̀ jin ju ti àwọn yòókù lọ. Rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ jù fún oòrùn Èkó. Lórí títì gbígbóná, ojú rẹ̀ á máa mì lábẹ́ ọkọ̀, bíréèkì á gùn sí i, á sì jẹ kíákíá. Ẹ wá gbé irú rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ asáré kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ orí ló ń tan àwọn oní-ọkọ̀ asáré jẹ jù, torí mọ́tò tí kì í rìn púpọ̀ kì í jẹ táyà. Ilà á wà digbí, rọ́bà á ti gbó. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2012, bọ́ọ̀sì kan ń kó àwọn èèyàn bọ̀ láti àjọ̀dún orin Bestival ní Isle of Wight ní England. Nítòsí Hindhead ní Surrey, táyà iwájú kan bẹ́, bọ́ọ̀sì náà yà kúrò lójú títì A3, ó kọ lu igi, èèyàn mẹ́ta sì kú. Táyà yẹn ti lé ní ọdún 19. Ó dàgbà ju ọ̀kan nínú àwọn tó pa lọ. Ilà ojú rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n tí òfin fẹ́! Frances Molloy, ìyá ọmọkùnrin kan tó kú níbẹ̀, kò gbà. Ó jà á títí ìjọba fi ṣòfin pé láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kejì 2021, táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ sí ní iwájú bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù mọ́. Òfin náà kò kan mọ́tò kéékèèké, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ra yín.

Ẹ sì rántí Paul Walker, òṣèré Amẹ́ríkà tó kú nínú Porsche Carrera GT ní Santa Clarita, California, ní ọjọ́ 30 Oṣù Kọkànlá 2013. Eré àsápajúdé ni ìwádìí àwọn agbófinró fi ṣe okùnfà rẹ̀: ọkọ̀ náà ń sá tó máìlì 80 sí 93 ní wákàtí níbi tí wọ́n ní kó má ju 45 lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà sọ pé táyà rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án, àti pé èyí náà dá kún bí ọkọ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "DOT" sí lára ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2314 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà náà níta, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo apá inú, ó sábà máa ń wà lápá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ ilà, kí ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fa ojú rọ́bà sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ti ń sán wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ tí kò sì tẹ̀, ó ti parí. Lójú tèmi, ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wọ táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, bí ilà rẹ̀ tilẹ̀ jin bíi kànga.

Ìgbàgbọ́ yìí tún ń ba iṣẹ́ àwọn fọkanáísà jẹ́. Wọ́n á ní "ilà méjèèjì dọ́gba," wọ́n á sì dè wọ́n pọ̀. Porsche 911 Carrera tòde òní, irú 992, ń wọ 235/40 ZR19 níwájú àti 295/35 ZR20 lẹ́yìn, ìyẹn ni pé ti ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ. Kò sí pé ẹ fẹ́ gbé ti iwájú sẹ́yìn kí wọ́n lè jẹ dọ́gba. Bí ọfà bá wà lára táyà, ibi tí ó kọjú sí ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbọdọ̀ máa yí sí. Bí wọ́n bá kọ "OUTSIDE" sí i, ìta ni apá yẹn ń wà, kò sí àríyànjiyàn. Kí ríìmù tó wọlé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdógùn-ún kúrò níbi tí yóò jókòó sí. Ìdógùn-ún díẹ̀ tó kù níbẹ̀ ni sítíárì tó ń gbọ̀n ní máìlì 60, tí wọ́n á wá máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru báláǹsì. Ẹ máa mú nọ́ọ̀tì ní ìkọjúsíra, ẹ má tò wọ́n yíká, kí ẹ sì fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára parí rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo tó wà láàárín ẹsẹ̀ GT3 irú 991 ń gba Newton-mítà 600. Fífi ẹsẹ̀ gun sípánà kò lè sọ fún yín bóyá ẹ ti dé ibẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń pinnu bí rọ́bà ṣe ń kan ilẹ̀. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn ọkọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà ni òpin ohun tí táyà lè gbà, ẹ má fẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí ẹ fi géèjì wò ó. Bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bí 6°C lọ sókè tàbí wálẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi nǹkan bíi psi kan tẹ̀ lé e. Ẹ má tìtorí pé oòrùn mú, kí ẹ wá tú afẹ́fẹ́ dànù. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á máa ká lábẹ́ ọkọ̀, kíká yẹn ló sì ń mú un gbóná débi tí yóò fi bẹ́.

Ẹni tó bá bọ́ táyà ìgbà ooru sílẹ̀ nígbà òtútù, kó fọ̀ ọ́, kó jẹ́ kó gbẹ, kó kó o sínú òkùnkùn níbi tó gbẹ tí kò sì dì, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, torí ẹ̀rọ iná máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ozone jáde, ozone sì ń jẹ rọ́bà. Èyí tó wà nínú ríìmù, ẹ lè tò ó léra. Èyí tí kò ní ríìmù, ẹ dá a dúró. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí epo ẹ́ńjìnnì pa á kó lè máa dán.